Ẹ̀rúkọ́ ni a pààrọ̀, a kò jí ọkọ́

Nínú ìròyìn ìnáwó tí akápò ẹgbẹ́ wa kà ní ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá, ìlà kan wà tí àwọn ènìyàn fi rẹ́rìn-ín. Ìlà náà sọ pé a san owó ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú-ewé ìwé ìròyìn yìí, a sì tún san owó ètò kan náà, lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí ọdún tó yí po. Ẹnìkan bèèrè bóyá àṣìṣe ìkọ̀wé ni. Akápò ní kì í ṣe àṣìṣe. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, ó ní ṣé a kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó mọ ọ̀nà ni, pé wákàtí kan péré ni òun yóò fi fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, tó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, dá a lóhùn pé òfin ni òfin, pé ẹni tó ni ọjà ló lẹ́nu láti sọ bí a ó ṣe lò ó, àti pé ẹgbẹ́ tó bá ń fẹ́ iyì gbọ́dọ̀ san ohun tí wọ́n bá ní kó san. Ìpàdé pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kankan nínú wọn. Mo fi gbogbo ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún bàbá wa, mo sì fi ìfẹ́ sọ ọ́ fún àbúrò wa, pé àwọn méjèèjì ṣìnà, àti pé ìṣìnà wọn jọra ju bí wọ́n ti rò lọ. Àwọn méjèèjì gbà, láìjà rárá, pé ohun tí a fi owó ẹgbẹ́ rà kì í ṣe tiwa. Ọ̀kan ní kí a jí i, èkejì ní kí a tún un rà. Kò sí èyí tó bèèrè pé: ta ló gbà á lọ́wọ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín kò sí níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, bí ti púpọ̀ nínú wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, nígbà tó sì bọ̀ kẹ́yìn ẹ̀rọ náà kò jí mọ́. Atúnkọ̀ǹpútàṣe tí a gbé e fún ní Àjàṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní carte mère ló jó, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́ nínú ẹ̀rọ. Ó wá òmíràn láti inú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó fi rọ́pò èyí tó jó. Àpótí kan náà ni, ojú kan náà ni, disque dur kan náà ni, gbogbo àpilẹ̀kọ tí ẹ̀yin òǹkàwé fi ránṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀ láìsí ẹyọ kan tó sọnù. Owó tí ọkùnrin náà gbà kò tó ìdámẹ́wàá owó kọ̀ǹpútà tuntun. Inú wa dùn.

A tan ẹ̀rọ náà. Ètò tí a fi ń to ojú-ewé ní òun kò mọ ẹ̀rọ yìí rí. Ó ní kí a fi kọ́kọ́rọ́ wa hàn. A fi hàn. Ó ní a ti lo kọ́kọ́rọ́ náà tó iye ìgbà tí a yọ̀ǹda, kí a kọ́kọ́ lọ yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ wo? Òun náà ni ètò yìí jókòó lé tó ń bá wa sọ̀rọ̀! Kí a tó lè ṣe ohun tí ó wí, a ní láti jí carte mère tó ti jó dìde, èyí tí atúnkọ̀ǹpútàṣe ti jù sínú garawa pẹ̀lú àwọn òkú ẹ̀rọ mìíràn. A kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ètò náà. Ẹ̀rọ ló dá wa lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì tọ́ka wa sí ojú-ewé tí a ti kà tẹ́lẹ̀. A kọ lẹ́ẹ̀kejì; ọpẹ́ kan náà ni. Ọjọ́ tí a dá fún atẹ̀wé ku ọjọ́ mẹ́rin. A san owó. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà níhìn-ín, nítorí pé ìwà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń hù, bí mo bá sì dárúkọ ọ̀kan, àwọn yòókù yóò rò pé àwọn mọ́.

Ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ilẹ̀kùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ ń pè ní logiciel ní ilé-ìwé, ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ètò náà yóò wo ẹ̀rọ yíká: ó wo carte mère, ó wo processeur, ó wo disque dur, ó wo carte réseau; ó kó àmì ìdánimọ̀ wọn pọ̀, ó sì sọ wọ́n di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yìí ni ilà ojú ẹ̀rọ náà. Ó fi ilà ojú àti kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i pé kí ètò máa ṣiṣẹ́. Èyí ni activation. Èmi yóò máa pè é ní ìfàṣẹsí. Láti ọjọ́ náà lọ, ètò yóò máa yẹ ilà ojú ẹ̀rọ wò. Bí ilà náà bá yí padà ju bí ilé-iṣẹ́ ti fẹ́ lọ, ìfàṣẹsí ti bàjẹ́ nìyẹn, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Windows XP ló sọ àṣà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 2001 ni Microsoft gbé e jáde, ó sì fún ẹni tó bá rà á ní 30 ọjọ́ láti gba ìfàṣẹsí. (Ọdún kan náà ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ẹ rántí èyí, n ó padà sí i.) Lórí Windows 10, tó jáde ní 2015, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń rántí ẹ̀rọ, láìjẹ́ pé ènìyàn tún tẹ kọ́kọ́rọ́ kankan, ṣùgbọ́n carte mère ni gbòǹgbò ìrántí náà. Láti 2016, a lè so ìfàṣẹsí mọ́ àkáǹtì tí a bá ní lọ́dọ̀ Microsoft, kí ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀yà lè wọ àkáǹtì rẹ̀ kó sì sọ pé ẹ̀rọ òun náà nìyí. Ìrọ̀rùn ni, n kò ní sẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹni tó ti so ó mọ́ àkáǹtì kí ẹ̀rọ tó kú nìkan ló wúlò fún, ta ló sì ń ronú kan ikú ẹ̀rọ nígbà tí ara rẹ̀ yá?

Ohun tó tún burú jù wà nínú irú ìwé-àṣẹ ìlò tí ó bá ẹ̀rọ wá. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí a rà lọ́tọ̀, tí a lè yọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan kí a gbé e sórí òmíràn. Èkejì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ kọ̀ǹpútà ti fi sínú rẹ̀ kó tó tà á; OEM ni wọ́n ń pè é. Èyí kò lè ṣí kúrò. Pẹ̀lú ẹ̀rọ ló bí i, pẹ̀lú ẹ̀rọ ni yóò kú. Kí wá ni ẹ̀rọ? Microsoft dáhùn ìbéèrè yìí nínú àlàyé tó ṣe fún àwọn tó ń tà á: carte mère ni ẹ̀rọ. Bí o bá pààrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bàjẹ́, kọ̀ǹpútà tuntun lo bí, kó o lọ ra ìwé-àṣẹ tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́, a yọ̀ǹda fún ọ, bí èyí tí o fi rọ́pò bá jẹ́ irú kan náà, tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ bá kà sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní garantie.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Nínú gbogbo tòkunbọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, mélòó ló ṣì ní garantie lọ́wọ́? Garantie rẹ̀ ti kú ní ìlú tó ti wá, ọdún púpọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Atúnkọ̀ǹpútàṣe wa kì í sì í yan carte mère bí ẹni yan aṣọ. Èyí tó bá rí tó bá àpótí mu ló ń lò. Àánú tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, ẹni tó lè dá ẹ̀rọ padà sí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àtúnṣe ọlọ́rọ̀, àtúnṣe ni. Àtúnṣe tálákà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tuntun ni.

Bí àgbẹ̀ kan ní Kétu bá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ra ọkọ́, tí ẹ̀rúkọ́ sì dá lẹ́yìn ọdún méjì, yóò gé igi, yóò gbẹ́ ẹ, yóò kì í bọ ọkọ́, yóò sì padà sóko. Ẹ fojú inú wo alágbẹ̀dẹ náà kó wá dúró létí ebè, kó ní ọkọ́ tí òun tà kì í ṣe èyí, pé ẹ̀rúkọ́ ni òun fi mọ̀ ọ́n, kí àgbẹ̀ wá san owó mìíràn kó tó kọ ebè tó kù. Gbogbo abúlé ni yóò sin alágbẹ̀dẹ náà dé ilé pẹ̀lú ariwo.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀ fún mi. Wọn yóò ní ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọkọ́, pé a kò tà á fún yín, pé àṣẹ láti lò ó lásán ni a fún yín. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ́ sílẹ̀ kí a mú ilẹ̀. Àwa náà mọ ohun tí ń jẹ́ kí ènìyàn lo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Àlejò tó tọrọ ilẹ̀ dáko mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ó ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kò lè ta ilẹ̀, kò sì lè gbin igi tí yóò pẹ́ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí onílẹ̀ tó sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun ta ilẹ̀ fún un. Kò sì sí onílẹ̀ tó lé e lọ nítorí pé ó tún ahéré rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ìjì. Àwọn oníṣòwò ètò kọ̀ǹpútà mú èyí tó wù wọ́n nínú títà, wọ́n sì mú èyí tó wù wọ́n nínú ìṣákọ́lẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí owó ti ń wọlé, «acheter» ni wọ́n kọ síbẹ̀, rà ni. Nínú ìwé gígùn tí a ń fọwọ́ sí láìkà, wọ́n ní a kò ra nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà bá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ inú yàrá, jìbìtì ni Yorùbá ń pè é, n kò sì rí ìdí tí n ó fi wá orúkọ tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá wa ní òfin ni òfin. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ kan kọ sínú ìwé-àṣẹ rẹ̀, àdéhùn ni, kì í ṣe òfin. Àwọn adájọ́ sì ti fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ní ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ gíga Jámánì gbọ́ ẹjọ́ tó wà láàárín Microsoft àti oníṣòwò kan tó ń ta Windows irú ti OEM láìfi kọ̀ǹpútà kún un. Ilé-ẹjọ́ ní bí ẹni tó ni ètò bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀dà kan sọ́jà, kò lè máa tẹ̀ lé ẹ̀dà náà kiri láti pàṣẹ fún gbogbo ẹni tí yóò tún rà á. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wà ní Luxembourg dá ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle. Ó ní ẹni tó bá san owó lẹ́ẹ̀kan láti lo ètò kọ̀ǹpútà láìní gbèdéke ọjọ́, títà ni wọ́n ta ẹ̀dà náà fún un, kódà bí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti gbà á. Ó sì lè tún un tà, bí ó bá ti lè sọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ di aláìwúlò. Àwọn adájọ́ yìí kì í ṣe ọ̀tá òfin. Wọ́n wo ohun tí àwọn méjèèjì ṣe gan-an, wọn kò wo orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó ni ín ní ẹ̀tọ́ tí ilé-ẹjọ́ Luxembourg fi ọwọ́ sọ̀yà fún un. Ó tà á, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ ló wọ ọkọ̀. Ẹ̀tọ́ dúró sí etíkun. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú OAPI, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Àdéhùn Bangui so pọ̀ lórí ohun-ìní ọpọlọ, ètò kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tí àdéhùn náà ń dáàbò bò. Bẹ̀nẹ̀ tún ṣe òfin Code du numérique ní 2018. Ó dára kí òfin dáàbò bo ẹni tó kọ ètò. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a kọ gbólóhùn méjì tó ṣe kedere fún ẹni tó ra ètò náà pẹ̀lú: pé ìwé-àṣẹ tí a san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ti ẹni tó san án, kì í ṣe ti carte mère, àti pé ilé-iṣẹ́ tó bá fi ìfàṣẹsí dí ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí i fún ẹni tó tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, láìgba owó, láàárín ọjọ́ díẹ̀. A ní àwọn aṣòfin láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti Ìpọ̀bẹ́. Wọ́n ń wá sí àjọ̀dún wa, wọ́n ń jókòó sí iwájú. Ìgbà wo la bèèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ wọn rí?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bákan náà ni àṣà yìí rí fún gbogbo ayé. Níbi tí iná kì í ti í lọ, tí ẹ̀rọ tuntun kò sì ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ẹni tó ń pààrọ̀ carte mère fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ yára sí i ni, bí ètò bá sì kọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà, tẹlifóònù wà, olùrànlọ́wọ́ tó gbọ́ èdè rẹ̀ wà. Lọ́dọ̀ wa, erukuru ọyẹ́, ooru àti iná tó ń ṣe ségesège ló ń pa ẹ̀rọ. Ẹ̀yà tí a ń pààrọ̀ sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Mo mọ kọ̀ǹpútà kan ní Ìpọ̀bẹ́ tí kò sí ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ tó ti ìlú kan náà wá, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sì ti fi kọ mémoire wọn. Ìṣòro yìí yóò sì máa pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 kò fẹ́ ẹ̀rọ tí kò bá ní ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti dàgbà ni kò sì ní in. Àwọn ènìyàn yóò wá carte mère tuntun kiri, wọn yóò sì pàdé ilẹ̀kùn ìfàṣẹsí níwájú.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí àwọn ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní ìdí. Kí ìfàṣẹsí tó dé, dísíìkì kan ṣoṣo lè yí gbogbo àdúgbò ká. Mo rántí cybercafé kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ kọ́kọ́rọ́ Windows sí ara ògiri, bí ìgbà tí a kọ nọ́ńbà alágbàfọ̀. Gbogbo wa la jẹ níbẹ̀. Àmọ́ ta ni ilẹ̀kùn yìí mú? Ẹni tó ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ kò rí i rárá. Bó bá fẹ́ kó pààrọ̀ carte mère ní gbogbo oṣù, ètò rẹ̀ kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó san owó ló ń dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìsanwó lọ́wọ́.

Ìwọ àbúrò mi tó ní kí a fọ́ kọ́kọ́rọ́, ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Mo mọ̀ pé o fẹ́ ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín crack kiri kò ṣe é nítorí Ọlọ́run. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún ọ ni pé kó o pa antivirus rẹ. Ta ló ń ní kí onílé pa ajá rẹ̀ kóun tó wọlé? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ wa ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé ìròyìn yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń gba ohùn àwọn akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ lóru tí wọ́n sì ń tà á lọ́jà láìfún akọrin ní kọ́bọ̀. A ní ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé mọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kó jẹ. Báwo ni a ó ṣe tún ìwé bẹ́ẹ̀ kọ lórí ètò tí a jí? Èyí tó dùn mí jù sì ni pé ẹni tó bá ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ kì í bá wa fi ẹjọ́ sùn mọ́. Ìṣòro rẹ̀ ti tán. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yára dá àwa tó kù lóhùn.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà ní ìpàdé: bí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá sú ńkọ́? Ní òpin ọdún 2012, Adobe pa ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ sí Creative Suite 2, ètò tó tà ní ọdún 2005. Ẹni tó san owó gọbọi fún un, tó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kejì, kò ní ẹni tí yóò fàṣẹ sí i mọ́. Adobe ní láti fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ẹ̀dà mìíràn tí kò nílò ìfàṣẹsí, ó sì ṣe é, ẹ jẹ́ kí a yìn ín fún ìyẹn. Àmọ́ inú rere ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló kéde pé òun kò ní ṣe irú èyí tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan mọ́; ìṣákọ́lẹ̀ oṣooṣù ló kù. Nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ni àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Kétu wà, tí àwọn àgbà mẹ́ta sọ fún wa kí méjì nínú wọn tó papò dà. A tọ́jú rẹ̀ sínú irú fáìlì tí ètò kan ṣoṣo lè ṣí. Mo ń sọ pé ìlẹ̀kùn tí ó ti mọ́ wa lójú ní ọjọ́ mẹ́rin kí ìwé ìròyìn tó jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn àwọn òkú wa wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Nítorí náà, àbá tí mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Kí àkójọ ọ̀rọ̀ náà àti gbogbo ìwé ẹgbẹ́ kúrò nínú fáìlì tó ní ẹni tó ni ín, kí a gbé wọn sínú irú èyí tí ètò èyíkéyìí lè ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún iṣẹ́ yẹn, n ó sì fi ara mi sílẹ̀. Kí a máa fi LibreOffice kọ̀wé, ètò ọ̀fẹ́ tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí kò bìkítà bí carte mère rẹ ṣe jẹ́. Ẹni tó bá rò pé nǹkan àwọn akúṣẹ̀ẹ́ nìyẹn, kó bi àwọn Gendarmerie ilẹ̀ Faransé: láti 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi irú ètò ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ̀wé, láti 2008 ni wọ́n sì ti ń gbé Linux sórí ẹ̀rọ wọn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Fún títo ojú-ewé, Scribus wà. N kò ní purọ́ fún yín, ó le díẹ̀ láti kọ́, mo sì bú u ní ìgbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò bi mí rí pé ta ni mí.

Níbi tí a kò bá ti lè ṣe láìra ètò, kí akápò bèèrè kó tó sanwó bóyá ìwé-àṣẹ náà lè ṣí láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, kí ó gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Kí àkáǹtì tí a so ó mọ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ọ̀dọ́ kan tí yóò lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi lọ́dún tó ń bọ̀ tí yóò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kí a sì yọ ìwé-àṣẹ kúrò lórí ẹ̀rọ kí a tó gbé e fún atúnkọ̀ǹpútàṣe, bí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà sí àwọn aṣòfin wa náà ti wà ní èdè méjèèjì. Ojú-ewé Faransé ìwé ìròyìn yìí lè gbé e jáde bí olóòtú bá gbà.

Mo ti fi àbá náà sọ́wọ́ akọ̀wé. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti ń ké bí ọlọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, fáànù rẹ̀ kì í sinmi, atúnkọ̀ǹpútàṣe sì ti sọ fún wa pé carte mère ni. Ẹ jẹ́ kí a dìbò kí ó tó jó.